Ọkùnrin Kan Ṣoṣo Tó Wọ Elésè Àlùkò

Èmi nìkan ló ṣojú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín o. Ẹni tó bá ní òun náà wà níbẹ̀, ẹ ní kó sọ bí ògiri pálọ̀ kunlékunlé ṣe rí, ẹ máa rí i bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Ojú méjì tó wà lágbárí mi yìí ni mo fi rí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin gbáko, mi ò sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn Télọ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọkàn ọmọkùnrin yẹn ò ní kọ́tìnnì.

Télọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé télọ̀ ni. Aṣọ àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ló máa ń rán, àwọn tó ń ṣọ́ báńkì, tó ń ṣọ́ ilé ìwòsàn, tó ń ṣọ́ ibi tí kò sí nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ jí. Ẹ̀wù eérú, ṣòkòtò eérú, fìlà eérú. Ẹgbẹ̀ta lóṣù. Bí Télọ̀ bá sín, eérú ló ń jáde nímú ẹ̀. Bó bá lálàá, àlá ọ̀hún á dé fìlà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí kó tó sùn tẹ́rùn.

Ibi kan ṣoṣo tó ti ń rí ìsinmi ni géèmù kan tó wà lórí fóònù ẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, gbogbo ayé ló sì wà níbẹ̀. Kálukú á dá èèyàn kékeré kan tí yóò máa bá a rìn kiri nínú ìlú tó wà nínú fóònù, á kọ́lé, á jagun, á pààrọ̀ aṣọ. Bí o bá ní obìnrin lèèyàn tìẹ, àwọ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n á tẹ́ síwájú ẹ, tí ojú ẹ á fi máa ṣe bàìbàì. Bí o bá ní ọkùnrin ni, mẹ́rin péré: dúdú, eérú, búlúù tó ti fẹ́ẹ̀ di dúdú, àti àwọ̀ kan báyìí tó dà bíi bàtà tí ẹrẹ̀ gbẹ mọ́.

Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tó fi eérú jí, tó fi eérú sùn, tó sá wọ ayé mìíràn pé kí òun mí díẹ̀, tí wọ́n tún na eérú sí i níbẹ̀.

Ẹ̀wù kan wà nínú tàwọn obìnrin tí kì í jẹ́ kó gbádùn. Ẹ̀wù àwọ̀lékè gígùn, elésè àlùkò, tí etí ẹ̀ máa ń mì bí omi bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń rìn. Télọ̀ á fi ìka fa àwòrán náà kó tóbi, á máa wo ibi tí apá ti so mọ́ èjìká. "Ẹni tó ya apá yìí mọ iṣẹ́," ló máa ń sọ fún ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, géèmù á ní: Ẹ̀wù yìí wà fún obìnrin nìkan.

Àwọn kan ní kó yáa sọ èèyàn ẹ̀ di obìnrin, kí wàhálà tán.

"Ọkùnrin ni mí," ni Télọ̀ wí. "Mi ò ní kí wọ́n pààrọ̀ mi. Ẹ̀wù ni mo ní kí wọ́n fún mi."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni géèmù. Gbogbo ọjọ́ Ajé. Gbogbo ọjọ́ Ajé náà ni wọ́n ń dá a lóhùn: A ti gbọ́ yín, a ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ogójì lẹ́tà, ogójì èsì, wọ́n jọra bí ẹyin adìẹ. Nígbà tó di ìkọkànlélógójì, inú ti bí Télọ̀, ó kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn ló ní kí akọ òun má fara kàn án? Ẹ wo àkùkọ, kí ẹ tún wo àgbébọ̀. Ta ló múra nínú àwọn méjèèjì? Ẹ ṣí ẹ̀wù yẹn fún mi."

Èsì tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà ò jọ tàtẹ̀yìnwá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìforítì. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi kan ṣoṣo ni mò ń ka lẹ́tà yín látọjọ́ yìí? Alálùkò la máa ń pè yín ní ọ́fíìsì. Ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni?"

Télọ̀ kọ ọ́ padà: "Mo níṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ló fà á."

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ni. Àjà kẹta ló ń jókòó sí, nínú ọ́fíìsì tí tábìlì mẹ́rìndínlógún wà, tí fèrèsé kan ò sí. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ka ẹjọ́ tí àwọn aṣegéèmù bá kó wá, kó sì máa dá wọn lóhùn. Ọdún mẹ́fà ló ti lò níbẹ̀. Télọ̀ sọ ọ́ lórúkọ, Olùdáhùn, òun náà ò sì yé pè é ní Alálùkò. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń kọ ọ́ síra wọn, lẹ́tà tí wọ́n kọ pọ̀ débi pé bí wọ́n bá tò ó, á dé òṣùpá, á tún ku èyí tí wọ́n máa fi jókòó lé.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wọ gíláàsì wọlé sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, ó mú yẹ́rì kan dání.

"Ẹ bá mi gé etí ẹ̀. Ó ti gùn jù."

Télọ̀ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí, kò gùn o."

"Mo mọ̀."

Télọ̀ gbójú sókè. Obìnrin náà ń wo òkìtì aṣọ eérú tó dé àjà ilé.

"Gbogbo ẹ̀ nìyí, Alálùkò?"

Ẹsẹ̀ Télọ̀ yẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ fẹ́ẹ̀ gún un níka. "Ẹgbẹ̀ta ni," ló wí.

"Kò sí ọ̀kan tó yàtọ̀?"

"Bọ́tìnnì mẹ́fà ló wà lára ti ọ̀gá wọn. Tàwọn tó kù, márùn-ún."

Olùdáhùn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkìtì náà, òkìtì wó, ó sì wà láàárín ẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, eérú níwájú, eérú lẹ́yìn. Télọ̀ ń wò ó. Ohun tó sọ sínú ara ẹ̀ nìyí: bí eléyìí bá dìde lọ, kí ni màá tún fi ojú yìí wò láyé?

Wọ́n ń rí ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n á jọ rìn títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ọkọ̀ á dé, Olùdáhùn ò ní wọ̀ ọ́, òmíì á dé, kò ní wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ mẹ́rìnlélógún ló kọjá lọ́jọ́ kan. Mo kà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pe Télọ̀ látibi iṣẹ́.

"Alálùkò, ṣí géèmù ẹ."

"Mò ń so kọ́là."

"Fi kọ́là sílẹ̀, jọ̀ọ́. Ṣí i."

Télọ̀ ṣí i. Èèyàn ẹ̀ dúró síbi tó máa ń dúró sí létí odò, nínú ẹ̀wù elésè àlùkò. Etí ẹ̀ ń mì bí omi. Télọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú fóònù, bóyá ìdọ̀tí ni. Ẹ̀wù ò lọ.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" ni Olùdáhùn bi í.

"Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Ojú ewé kan wà tí a fi ń dá aṣọ padà fún ẹni tí tiẹ̀ bá sọnù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé tìẹ sọnù." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, má bọ́ ọ o. Òfin ilé iṣẹ́ yìí ni pé ohun tó bá ti wà lọ́rùn èèyàn, kò sẹ́ni tó lè gbà á, àfi kí olúwarẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó o bá ti bọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, á padà sí tàwọn obìnrin, ìlẹ̀kùn á tì. Àfi tí mo bá ṣì wà lórí àga yìí láti tún un ṣí."

"Kí ni màá bọ́ ọ fún?" ni Télọ̀ wí. Ó sunkún díẹ̀. Ó ní òwú ló kó sí òun lójú.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìlú inú fóònù dàrú. Ọkùnrin kan ń rìn nínú elésè àlùkò! Lọ́jọ́ kìíní, ogún èèyàn ló ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ̀rún méjì. Lọ́jọ́ kẹta, èmi tí mo lè ka ìràwọ̀ láì lo ìka, mi ò lè kà wọ́n mọ́. Bó bá jókòó, wọ́n á jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ti rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò mí, ẹ gba ilé mi, ẹ fún mi lẹ́wù yẹn."

"Ṣé obìnrin ni yín ni?"

"Ọkùnrin ni mí," ni Télọ̀ ń dáhùn. "Ó kàn wù mí ni."

Ní àjà kẹta, lẹ́tà ya wọlé bí omíyalé. Ẹgbàárùn-ún. Gbogbo wọn ń béèrè ohun kan náà: kí ló dé tí tèmi ò lè wọ̀ ọ́? Olùdáhùn fúnra ẹ̀ ló ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé a ti gbọ́ yín, títí orí ìka ẹ̀ fi wú. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá ẹ̀ pè é wọ yàrá, ìwé kan wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ọwọ́ ta ló ṣe eléyìí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Àṣìṣe ni."

"Rárá, sà."

"Mo ní àṣìṣe ni. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìṣe ni, bẹ ọkùnrin náà kó bọ́ ọ, kó o padà sórí àga ẹ."

"Kí ló burú nínú kí ọkùnrin wọ̀ ọ́, sà?"

"Ọkùnrin kì í fẹ́ àwọ̀. A ti ṣèwádìí ẹ̀ tipẹ́."

"Ẹgbàárùn-ún lẹ́tà ló wà lọ́dọ̀ mi, sà. Ọkùnrin ló kọ gbogbo ẹ̀."

Ọ̀gá wò ó títí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló burú. Ó kàn ká ìwé ọwọ́ ẹ̀ sí méjì.

"Lọ kó ẹrù ẹ."

Páálí kan ló gbé wọ ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kọ́ọ̀pù kan, ẹ̀wù òtútù kan, bàtà tó máa ń wọ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Kí lo gbé dání?"

"Ọdún mẹ́fà."

Télọ̀ ti fa fóònù yọ. "Jẹ́ n bọ́ ọ. Jẹ́ n bọ́ ọ nísinsìnyí, kí wọ́n dá ẹ padà."

Olùdáhùn dì í lọ́wọ́ mú. "Bó o bá bọ́ ọ, á jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, pé àṣìṣe ni mo ṣe. Mi ò ṣe àṣìṣe. Ṣé o gbọ́ mi? Nǹkan kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ ara mi yàn láyé nìyẹn."

Télọ̀ gbọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé yín: ó gbọ́ dáadáa.

Oṣù márùn-ún kọjá. Olùdáhùn ń wáṣẹ́ kiri. Gbogbo ibi tó bá dé, wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ lọmọ elésè àlùkò yẹn?" wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ní kó máa lọ. Ó rù títí gíláàsì ẹ̀ fi ń yọ̀ bọ́ nímú. Télọ̀ ò lè wo ojú ẹ̀ mọ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé òun lòun fa gbogbo ẹ̀. Ó ń rán aṣọ, ó ń bi ara ẹ̀: kí ni mo fún ọmọ yìí rí? Ó fún mi láwọ̀, mo fún un ní òkìtì eérú kó jókòó lé. Ó wá pinnu pé òun máa fẹ́ ẹ, òun máa tọ́jú ẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n máa ní kí òun ṣe tí òun ò ní ṣe.

Bàbá Olùdáhùn ni ìṣòro. Kunlékunlé ni, ogójì ọdún lórí àkàbà. Kò sí àwọ̀ tí kò lè pò, ó lè pò àwọ̀ ìrònú. Ṣùgbọ́n lójú tiẹ̀, kálukú àwọ̀ ló nílé tiẹ̀. "Yàrá ọmọkùnrin, búlúù. Yàrá ọmọbìnrin, pínkì. Wọn ò tíì pè mí padà rí pé mo kùn ún sódì." Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ níṣẹ́, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin tó ń wọ ọmọlangidi láṣọ.

Ẹni tó dá sí i ni àbúrò bàbá Olùdáhùn obìnrin, Àǹtí Gbohùngbohùn. Obìnrin yẹn ò lè gbé àṣírí, kì í ṣe pé ó burú, ohùn ẹ̀ ni ò ní ìsàlẹ̀. Bó bá kí èèyàn kú àárọ̀, òòrùn á tètè yọ. Oṣù kan ló fi bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó tó gbà láti rí Télọ̀. Ó wá jíṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Télọ̀! Ọ̀la lò ń bọ̀! Gbọ́ mi, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní ọ̀sán lòru, ìwọ ní o ti rí òṣùpá! Ohunkóhun tó bá ní kó o ṣe, ṣe é!"

"Àǹtí, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ yín."

"Àbí! Ṣebí mò ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni!"

Bàbá kan tó ń tún táyà ní òdìkejì títì ti ń kí Télọ̀ kú oríire.

Pálọ̀ kunlékunlé, ẹ fetí sílẹ̀. Ara ògiri ló ti máa ń dán ọ̀dà wò kó tó gbé e lọ fún oníbàárà, nítorí náà, onírúurú àwọ̀ ló wà lára ẹ̀ ní ìlà ìlà, bíi pé ẹgbẹ̀rún ilé ló fi ìka tọ́ ọ wò. Bàbá jókòó sáàárín ẹ̀ nínú ẹ̀wù eérú. Àǹtí wà lápá ọ̀tún, Olùdáhùn lápá òsì, Télọ̀ tẹríba lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé, sà."

"Jókòó. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ." Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ lo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi."

"Bàbá mi..." ni Olùdáhùn bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, bó bá jẹ́ ọkùnrin ni. Gbé fóònù yẹn wá."

Télọ̀ gbé e fún un. Bàbá nà án jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra.

"Ìyàwó ta nìyí?"

"Èmi ni, sà."

Àǹtí wúkọ́, gíláàsì fèrèsé mì.

Bàbá gbé fóònù náà sórí ẹsẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀, ìyẹn ló sì mú Télọ̀. "Ìyá ọmọ yìí kú kó tó lè dá a mọ̀. Ọwọ́ ọlọ́dà yìí ni mo fi ń di irun ẹ̀. Bó bá dé ilé ìwé, wọ́n á máa rí àwọ̀ ilé tí mo kùn lọ́jọ́ yẹn lórí ẹ̀. Mi ò ní nǹkan mìíràn. Ẹni tó máa fẹ́ ẹ, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lè fi nǹkan sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹ̀wù yìí ló ba ayé ẹ̀ jẹ́. Bọ́ ọ. Níwájú mi níbí. Bó o bá bọ́ ọ, mo fún ẹ lọ́mọ. Bí o ò bá bọ́ ọ, ẹnu ọ̀nà nìyẹn."

Àǹtí gan-an dákẹ́, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Olùdáhùn ò sọ̀rọ̀. Kò mi orí, kò gbọn ọwọ́. Ó kàn na ẹ̀yìn ró lórí àga, ó kọjú sí Télọ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bi ní nǹkan.

Télọ̀ ń wo fóònù. Ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹ̀ nìyí: iṣẹ́ ti lọ, kò lè padà mọ́. Kí ló kù nínú ẹ̀wù? Télọ̀ ni mí, mo mọ aṣọ. Aṣọ kì í ṣe èèyàn. Bí mo bá kọ̀, mo pàdánù ẹ̀. Ó ti fi ọdún mẹ́fà sílẹ̀ nítorí mi, ṣé mi ò wá lè fi nǹkan tí kò ṣeé dì mú sílẹ̀ nítorí ẹ̀ ni? Ó yé e. Ó yé e débi pé inú ẹ̀ fẹ́ẹ̀ máa dùn.

Ó na ọwọ́ gba fóònù, ó fi ìka kan ẹ̀wù náà. Géèmù ní: Ṣé ó dá yín lójú? Olùdáhùn ló kọ gbólóhùn yẹn fún wọn ní ọdún àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Télọ̀ tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀wù lọ. Ọkùnrin kékeré kan dúró létí odò nínú eérú.

Bàbá fò dìde, ó gbá Télọ̀ mọ́ra, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. "Àna mi! Ọkùnrin nìyí!" Àǹtí ké, àdúgbò méje jáde. Olùdáhùn dìde jẹ́jẹ́, ó kó àwọn kọ́ọ̀pù, ó lọ fọ̀ wọ́n. Ó fọ̀ wọ́n pẹ́.

Òun ló sin Télọ̀ dé géètì. Télọ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, ó ń sọ yàrá tí wọ́n máa gbé, ó ń sọ pé òun máa wá iṣẹ́ míì mọ́ iṣẹ́.

"O ṣe dáadáa," ni Olùdáhùn wí. "Bàbá mi ti gbà ẹ́. Kí ìwọ àti òun máa fẹ́ra yín."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àpárá ni. Géètì tì lójú ẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kan, ó pè é, kò gbé e. Ọ̀sẹ̀ méjì, Àǹtí lọ, Àǹtí bọ̀. "Ó ní kí n kí ẹ," ni Àǹtí wí, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó ba Télọ̀ gan-an.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, kunlékunlé fúnra ẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí, ó di fìlà mú lórí orúnkún.

"Mo ti gbà, Télọ̀. Kí ló tún kù?"

"Òun ni ò gbà, sà."

"Bàbá gbà, ọmọ kọ̀. Irú èwo rèé?" Ó ń yí fìlà ọwọ́ ẹ̀ po. "Kì í bá mi jẹun mọ́. Wọ̀ ọ́ padà. Mo ní kó o wọ̀ ọ́ padà!"

"Ìlẹ̀kùn ẹ̀ ti tì, sà. Kò ṣeé ṣí."

"Èmi ni mo ní kó o bọ́ ọ." Ojú bàbá ti pọ́n. "Bàbá ni mí, mo máa ń sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìwọ ńkọ́? O ò lẹ́nu ni? O ò lè ní kí n dúró ná?"

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo òkìtì aṣọ, ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á ní wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Ó tó oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn kí Olùdáhùn tó wá. Ọ̀sán gangan. Báàgì ńlá kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ilé iṣẹ́ omi, ẹjọ́ àwọn tí omi ò yọ nílé wọn ni yóò máa dáhùn.

"Mo ní kí n má lọ láì sọ fún ẹ."

"Nítorí ẹ ni mo ṣe ṣe é," ni Télọ̀ wí. Oṣù mẹ́rin ló ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí.

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn." Ó gbé báàgì sílẹ̀. "Ọ̀gá mi yan àwọ̀ fún gbogbo èèyàn, kò bi wọ́n. Bàbá mi fi mí fọ́kọ, kò bi mí. Mo ní ó ku ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo láyé yìí, tó máa kọ́kọ́ wojú mi kó tó tẹ nǹkan. Mo jókòó síbẹ̀, Alálùkò. Mo kọjú sí ẹ. Fóònù lò ń wò."

Télọ̀ di etí ẹ̀rọ mú. "Bí mo bá bi ẹ́ ńkọ́? Kí lo máa sọ?"

Olùdáhùn rò ó. Kò kánjú. Ó rò ó bí ẹni tó ti rò ó ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tó tún fẹ́ rí i pé òun ò parọ́.

"Ó ṣeé ṣe kí n ní kó o bọ́ ọ," ló wí.

Ó gbé báàgì ẹ̀. Télọ̀ ò dìde. Ó gbọ́ bàtà ẹ̀ títí dé ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ló wọ̀.

Télọ̀ rán ẹ̀wù mọ́kànlá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òwú ò sí lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ń to wọ́n lé ara wọn, wọ́n ń já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń gbé òmíì.

Ó ṣì máa ń wọ géèmù yẹn. Àwọn èèyàn ṣì ń wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á dé etí odò, wọ́n á máa wò káàkiri. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀, ẹ̀wù ni wọ́n ń wò nígbà yẹn, wọn ò wojú. "Ẹ̀gbọ́n eléérú," wọ́n á ní, "wọ́n ní ọkùnrin kan wà níbí tó wọ elésè àlùkò. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Télọ̀ ń dá wọn lóhùn.

Ẹ gbà mí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ẹ yọ òṣùpá kúrò ńbẹ̀, ẹ yọ ìràwọ̀, ẹ dín àwọn tó ń tẹ̀ lé e kù bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó na ẹ̀yìn ró lórí àga, tó kọjú sí ọkùnrin kan, tó ń dúró pé kó bi òun, ìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Mo rí i. Ẹ ní ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ sọ ọ́ síta kí n gbọ́.